Ẹ Má Gbéra Láàjìn: Ìdáhùn fún Ìyá Ọmọ Mẹ́ta Tó Ń Lọ Síbi Àpéjọ Ẹbí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ẹbí ọkọ mi fẹ́ ṣe àpéjọ ní ọjọ́ Sátidé, agogo méjìlá ọ̀sán ni yóò bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ya fọ́tò gbogbo ẹbí pọ̀. Wákàtí mẹ́sàn-án ni ìrìn náà bí a kò bá dúró rárá. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Fráìdé ni ọkọ mi ń ṣíwọ́ iṣẹ́, ó sì ní ká gbéra ní agogo méjìlá òru kí àwọn ọmọ lè sùn dé ọ̀hún. Ìyá ọkọ mi ń bá wa lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni márùn-ún péré ni ọkọ̀ wa ń gbà. Màmá ní kí n má da ara mi láàmú, pé àwọn á gbé ọmọ ọwọ́ sórí itan. Èyí ọlọ́dún mẹ́ta sì máa ń bì nínú ọkọ̀. Báwo ni ká ṣe ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìmúra. Ohun mẹ́rin lẹ kó sínú ìbéèrè kan, ṣùgbọ́n wọn kò wúwo bákan náà. Kí ọmọ bì nínú ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú. Kí ọmọ sunkún náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú. Bí ẹ bá sì pẹ́ dé ibi àpéjọ, àwọn kan á sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á sì tán nílẹ̀. Méjì tó lè gbẹ̀mí ni aago tí ọkọ yín fẹ́ kí ẹ gbéra, àti itan tí Màmá fẹ́ gbé ọmọ lé. Orí àwọn méjì yìí ni n ó dúró lé jù, mo sì ń sọ ọ́ láì fepo boyọ̀ pé mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Mo mọ ohun tí ọkọ yín rò tó fi yan òru. Ọkọ̀ kò ní pọ̀ lójú ọ̀nà, oòrùn kò ní mú, àwọn ọmọ á sì ti sùn lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé "ṣé a ti dé?" Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń dé láyọ̀. Ṣùgbọ́n oorun àwọn ọmọ nìkan ni ètò yẹn kà sí. Kò ka oorun ẹni tó ń wa ọkọ̀ sí rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Bí ọkọ yín bá jí ní agogo mẹ́fà àárọ̀ Fráìdé láti lọ síbi iṣẹ́, nígbà tí agogo méjìlá òru bá fi máa lù, ó ti lo wákàtí 18 láì sùn. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa oorun ti fi àìsùn wé ọtí. Ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17, bí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń jẹ́ ìpè kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05%, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣe ààlà fún awakọ̀. Bó bá wá di wákàtí 24, ó ti dà bí ẹni tí tirẹ̀ tó 0.10%. Ìyẹn ni pé kó tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀ ló ti kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ kò fẹnu kan ọtí. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀ tí ìlọ́po méjì ààlà náà bá pé, ó ṣì ku wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó dé, ìyẹn bí ẹ kò bá tíì dúró níbì kankan.

Láàárín agogo méjì sí mẹ́fà òru gan-an ni ara ènìyàn ń wá oorun lójú méjèèjì. Awakọ̀ lè la ojú sílẹ̀ gbàgà kí ọpọlọ rẹ̀ sì sùn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ̀ pé òun sùn. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ní mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́rin yẹn, ó ti rìn ju 100 mítà lọ láìsí awakọ̀.

Ó lè sọ pé òun á sùn láti agogo méje ìrọ̀lẹ́ di mọ́kànlá. Ẹ bi í bóyá ó ti sùn ní agogo méje rí, nínú ilé tí ọmọ mẹ́ta ti ń sáré kiri, tí ẹ̀yin sì ń kó ẹrù. Kọfí ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó sì máa ń tó bí ìlàjì wákàtí kó tó wọra. Bí ó bá mu ún, tó sì rẹjú fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ó lè gbé e dé ibi tí yóò sùn sí, kì í ṣe pé kó gbé e la òru já. Ní ti rédíò tí wọ́n ń tú sókè àti fèrèsé tí wọ́n ń ṣí sílẹ̀, ariwo àti òtútù lásán ni.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í rántí. Àwọn ọmọ tó sùn mọ́jú nínú ọkọ̀ á jí ní agogo mẹ́fà pẹ̀lú agbára wọn pípé. Ọkọ yín á ti wú lójú, ẹ̀yin náà á ti di aláìsùn nítorí pé ẹ ń ṣọ́ ọmọ ọwọ́. Ta ni yóò wá máa sáré tẹ̀ lé wọn láàárín ẹbí láti agogo méjìlá di alẹ́?

Tó bá jẹ́ èmi ni, mo máa kọ́kọ́ béèrè bóyá ọ̀gá ọkọ yín lè yọ̀ǹda ọjọ́ Fráìdé fún un. Ọjọ́ kan péré ń sọ ìrìn yìí di nǹkan mìíràn pátápátá: ẹ ó jẹun àárọ̀, ẹ ó gbéra ní ojúmọmọ, ẹ ó sùn sí ọ̀nà tàbí kí ẹ dé ní ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ pín ìrìn náà sí méjì. Ẹ kó ẹrù sínú ọkọ̀ láti Ọjọ́bọ̀, kí ẹ gbéra ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Fráìdé, kí ẹ rìn fún wákàtí méjì tàbí méjì ààbọ̀ péré, kí ẹ sì sùn sí ilé ìtura kan tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ kò sọ fún mi bóyá ẹ máa ń wakọ̀. Bí ẹ bá ní ìwé àṣẹ, ẹ̀yin ni kí ẹ wa ti ìrọ̀lẹ́ yìí bí ara yín bá le, nítorí pé ọkọ yín ti lo agbára rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ní Sátidé, ẹ tún gbéra ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ló kù, ẹ fi bí wákàtí méjì kún un fún ìdúró, ẹ ó dé ní agogo mẹ́ta ọ̀sán.

Mo mọ̀ pé àpéjọ á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sún fọ́tò sí agogo mẹ́rin. Kò sí àpéjọ ẹbí kan tí gbogbo ènìyàn ti pé ní agogo méjìlá, ẹni tó ń ṣètò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ fún un ní ìdí láti sún un.

Ó kan ti Màmá. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan tó sì kọ lu nǹkan, ọkọ̀ á dúró ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú rẹ̀ á ṣì máa lọ níwájú ní eré kan náà. Ọmọ tó wọn kìlógíráàmù 10 á fà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó gbé e pẹ̀lú agbára tó lè tó ti ẹrù kìlógíráàmù 200. Kò sí apá ènìyàn tó lè di ìyẹn mú, ì báà jẹ́ apá ọ̀dọ́mọkùnrin, kò kan ìfẹ́ tí Màmá ní sí ọmọ-ọmọ wọn. Bí Màmá kò bá de bẹ́líìtì, àwọn fúnra wọn ni yóò tẹ ọmọ náà mọ́ àga iwájú. Bí wọ́n bá fi bẹ́líìtì kan náà de ara wọn àti ọmọ pọ̀, bẹ́líìtì á wọ ọmọ náà nínú. Àga ọmọ tí wọ́n so dáadáa nìkan ló ń gba ọmọ sílẹ̀: àjọ NHTSA tó ń mójú tó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé ó ń dín ikú àwọn tí kò tíì pé ọdún kan kù ní ìdá 71 nínú 100, ó sì ń dín ti ọlọ́dún kan sí mẹ́rin kù ní ìdá 54, nínú ọkọ̀ kéékèèké.

Ọmọ oṣù mẹ́jọ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Orí ọmọ ọwọ́ tóbi púpọ̀ ju ti àgbà lọ bí a bá fi wé ìyókù ara rẹ̀, egungun ọrùn rẹ̀ kò sì tíì gbó. Bó bá kọjú síwájú, orí á fa ọrùn lọ. Bó bá kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn àga ni yóò gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe gbé àga tó kọjú sẹ́yìn síwájú ọkọ̀ níbi tí àpò afẹ́fẹ́ (airbag, èyí tó ń wú jáde bí ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan) ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé bí àpò náà bá bẹ́, ẹ̀yìn àga tí orí ọmọ wà ni yóò gbá. Ọlọ́dún mẹ́ta pàápàá lè kọjú sẹ́yìn bí àga rẹ̀ bá ṣì gba ìwọ̀n rẹ̀. Bí kò bá gbà á mọ́, kó kọjú síwájú nínú àga tó ní okùn tirẹ̀. Ọlọ́dún mẹ́fà nílò àga tó ń gbé ọmọ ga, kí bẹ́líìtì lè gba orí egungun èjìká àti egungun ìbàdí, kó má gba ọrùn àti ikùn. Títí ọmọ yóò fi ga tó nǹkan bí 145 sẹ̀ǹtímítà, ó ṣì nílò rẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló sì yẹ kó máa jókòó sí. Ọkọ̀ tí wọ́n so àga mọ́ dáadáa kò ní jẹ́ kí àga mì ju sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá. Bí ẹ bá ṣì lè fi ìka méjì fún okùn tó wà léjìká ọmọ mú, ẹ ṣì fà á le sí i. Ẹ bọ́ aṣọ òtútù tó nípọn kí ẹ tó dè é. Ẹ lè fi bò ó lẹ́yìn náà.

Ẹ wá wò ó: àga mẹ́ta ti gba gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ̀yin àti ọkọ yín gba iwájú. Ẹni mẹ́fà kò lè wọ ọkọ̀ ẹni márùn-ún, bó ti wù kí a yí i. Àpéjọ ẹbí lẹ ń lọ ṣá, ẹ kọ́ ni ẹ óò dá nìkan wakọ̀ lọ. Ẹ wá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí àyè wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, kí Màmá bá a lọ. Bí kò bá sí, ẹ háyà ọkọ̀ tó ń gba ẹni méje, tàbí kí Màmá àti àgbà mìíràn wọ ọkọ̀ èrò tàbí ọkọ̀ ojú irin ní ọ̀sán Fráìdé.

Kí ọkọ yín ló sọ ọ́ fún wọn. Bó bá ti ẹnu ìyàwó jáde, ó lè dà bí ẹni pé ẹ lé wọn kúrò nínú ọkọ̀ ọmọ wọn. Kó má bá wọn jà lórí bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà lórí itan tí kò sì kú. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àwọn ọmọ tó bá irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ lọ ni kì í wá síbi àpéjọ wá sọ tiwọn. Kó kàn sọ pé: "Màmi, mo ti bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, àyè iwájú ṣófo nínú ọkọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ yín á nà dáadáa, ẹ kò ní há sáàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí fún wákàtí mẹ́sàn-án." Kò purọ́ nínú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ èébì. Etí inú ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń lọ, ojú tó ń wo ẹ̀yìn àga tàbí fóònù ń sọ pé ara dúró; ìjà àwọn méjèèjì ló ń dà ọmọ nínú rú. Láàárín ọdún méjì sí méjìlá ló máa ń pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ọmọ sì máa ń borí rẹ̀ bí wọ́n bá dàgbà. Nítorí náà, kò sí fóònù tàbí ìwé fún ọlọ́dún mẹ́ta yín nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, bó ti wù kó sunkún tó. Ẹ gbé àga rẹ̀ sí ibi tí yóò ti lè wo ìta láti iwájú bí ọkọ̀ yín bá gbà á, kí afẹ́fẹ́ tútù máa fẹ́ sí i, kí ẹ sì fún un ní oúnjẹ díẹ̀ tí kò lọ́ràá ní wákàtí kan kó tó wọkọ̀. Ikùn òfìfo náà ń fa èébì, ẹ má fi ebi pa á. Bó bá dákẹ́ lójijì, tó ń yán, tí ojú rẹ̀ sì funfun, tí òógùn tútù bò ó, ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ wá ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí láìséwu. Ẹ má ṣe máa bi í ní gbogbo ìgbà pé "ṣé inú ń rú ọ?", torí pé ẹni tí kò rántí á rántí.

Bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn, ẹ bi dókítà tàbí apòògùn kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì dán an wò nílé ṣáájú, nítorí pé òmíràn ń kun ọmọ lóorun, òmíràn sì ń mú kí ọmọ máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Ọ̀kan tó wọ́pọ̀, promethazine, kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, torí pé ó lè dá mímí rẹ̀ dúró. Ọmọ ọwọ́ yín kò sì ní í ṣe pẹ̀lú igo náà rárá, ẹ má fún un "díẹ̀" kó lè sùn. Aṣọ ìpààrọ̀, àpò ọ̀rá àti aṣọ ìnujú tútù, ẹsẹ̀ yín níwájú ni kí wọ́n wà. Èyí tó bá wà lábẹ́ ẹrù nínú bọ́ọ̀tù kò wúlò.

Ẹ máa dúró ní wákàtí méjì méjì, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 15. Ọmọ ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àga, nítorí pé bí àgbọ̀n rẹ̀ bá wó lé àyà, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè dí. Ẹ gbé e jáde, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó na ara. Àwọn méjì yòókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n sáré. Mo máa ń rí òbí tó gbé ọmọ jáde nínú ọkọ̀ lọ jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, tó wá ń jágbe mọ́ ọmọ pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Jíjókòó jẹ́ẹ́ ni ọmọ náà ti ń ṣe láti àárọ̀. Oúnjẹ lè di inú ọkọ̀, àfi ẹ̀pà, èso àjàrà odidi àti ohun líle mìíràn tó lè há ọmọ kékeré lọ́fun nígbà tí ẹ kò lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹrù wíwúwo, bọ́ọ̀tù ni, kì í ṣe orí pẹpẹ ẹ̀yìn àga. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà kí ọkọ̀ tó rìn, títí kan táyà àpamọ́. Ìwọ̀n tí táyà gbọ́dọ̀ ní nígbà tí ọkọ̀ bá kún máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, ó sì sábà máa ń ju ti ojoojúmọ́ lọ.

Nígbà tí ẹ bá dé, iṣẹ́ kò tíì parí. Ọmọ oṣù mẹ́jọ wà ní ọjọ́ orí tí ojú àjèjì ń bà á lẹ́rù. Ogún ènìyàn á fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé e mọ́yà fún bí ìlàjì wákàtí, kó wo ojú wọn láti ibẹ̀, kí ẹ tó nà án sí ẹnikẹ́ni. Fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ fi fọ́tò àwọn ẹbí hàn wọ́n lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n lè dá wọn mọ̀. Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti dì mọ́ àbúrò bàbá rẹ̀, kíkí ti tó.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù níbi àpéjọ ni àgbàlagbà púpọ̀. Bí wọ́n bá pé ogójì, olúkúlùkù á rò pé ẹlòmíràn ń ṣọ́ ọmọ. Ọmọ tó ń rì sómi kì í pariwo, omi inú báfù sì tó láti pa ọlọ́dún mẹ́ta. Ẹ yan ẹnìkan pẹ̀lú orúkọ, fún ìlàjì wákàtí, kò gbọ́dọ̀ mú fóònù. Nígbà tí tirẹ̀ bá parí, kó dárúkọ ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo àpò àwọn àgbà pẹ̀lú, oògùn wọn sábà máa ń wà lórí ìjókòó níbi tí ọwọ́ ọmọ dé. Ẹ tì gbogbo ọkọ̀ pa. Inú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn lè gbóná sí i ní nǹkan bí 11°C láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ara ọmọ sì ń yára gbóná ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ju ti àgbà lọ. Ọmọ tó ń ṣeré ìfarapamọ́ lè há síbẹ̀.

Fún ìpadàbọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ̀ yín láti gbéra ní alẹ́ Sátidé nígbà tí ariwo bá tán. Ẹ sùn, kí ẹ padà ní ojúmọmọ Sọ́ńdè, kí ọkọ yín ti sọ fún ibi iṣẹ́ pé òun á pẹ́ dé ní Mọ́ńdè bó bá ṣeé ṣe. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ̀ rẹ̀ rìn sẹ́yìn ní àgbàlá ibẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ dúró lẹ́yìn ọkọ̀, kó sì ka àwọn ọmọ lórí.